Igi Tí Bàbá Wọ́ Jáde Nínú Odò

Leland, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo lérò pé òtútù ìlú ńlá kò tíì dá ọ dúbúlẹ̀. Ara Bàbá le níbí, ẹnu rẹ̀ sì le ju ara lọ.

Láti ìgbà ìrúwé ni èmi àti àwọn ará ilé wa kan ti ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe odò, kí ẹja sámọ́nù lè padà wá yé ẹyin síbẹ̀. Darlene, ọmọ abúlé ìsàlẹ̀ odò, ni ọ̀gá wa. Ìtì igi ńláńlá ni à ń gbé sínú omi, kí eré omi lè dínkù, kí òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹja ń yé sí má bàa ṣàn lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni mo ṣubú sómi. Darlene ní, "Àǹtí Verna, ẹyin lẹ fẹ́ yé ni?"

Ǹjẹ́ o rántí ìgbà tí Bàbá ń fi ṣéènì wọ́ irú igi bẹ́ẹ̀ jáde? Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló ní igi ń dí ẹja lọ́nà. Àwa ń gun igi náà bí ẹṣin, à ń pariwo. Ìyá Àgbà tó bí Bàbá, tó máa ń pe sámọ́nù ní àlejò, nìkan ló ń sunkún létí odò: "Ẹ kó ibùsùn àlejò jáde, níbo lẹ fẹ́ kó sùn?" Kò pẹ́ tí ẹja kò fi wá mọ́, tí ilé tí a ti ń yan ẹja sì ṣófo. Títí di òní, àárò òórùn èéfín ibẹ̀ ń sọ mí.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ ohun tí à ń ṣe, kò dé etí odò rárá. Ó ní, "Ṣé kí n lọ wo ohun tí mo fọwọ́ ara mi bàjẹ́ ni?" Ẹ̀rù bà mí pé yóò gbé ẹ̀dùn ọkàn yìí lọ sí sàréè.

Àfìgbà tí Darlene wá kí i. Ó ní, "Bàbá, a ò mọ ibi tí igi wọ̀nyẹn wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wọ́ wọn jáde ló lè sọ fún wa." Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo bá Bàbá létí odò, tó ń fi ọ̀pá júwe: "Igi kédárì kan dábùú níbí. Rárá, ẹ tún sún un! Ṣé ojú ń dùn yín ni?" Ó da iṣẹ́ bò wá títí òjò ìgbà ìwọ́wé fi dé.

Lánàá, abo sámọ́nù kan wọ abẹ́ kédárì náà, ó ń fi ìrù gbẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Bàbá ṣí fìlà. Ó ní, "Ìyá mi, àlejò yín ti rí ibi sùn."

Kí omi tó tọ́ wa dàgbà má gbẹ lójú wa. Kí ọ̀nà rẹ là, kí àwọn ọmọ rẹ sì mọ ilé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Verna

Àfikún: Bàbá kò jẹ́ kí a gbé igi kankan sí ibi tí o ti máa ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ní àyè tìrẹ ni. Ó ti fi òróró pa ṣéènì tó fi ń wọ́ igi nígbà náà, kí o lè bá wa fi wọ́ igi wọ odò, ó sì ń bi mí lójoojúmọ́ pé ọjọ́ wo lo ń bọ̀.