Ta Ni Yóò Dọ̀bálẹ̀ fún Ta Lọ́run?

Ọ̀gá Kékeré mi,

Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ ni ìwé yìí tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣé dáadáa lo jí? Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, o kú iṣẹ́, o kú oòrùn. Bí ó bá sì jẹ́ alẹ́, o kú àtàárọ̀, jọ̀ọ́ kọ́kọ́ jẹun kí o tó kà á, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn. Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde nílé kò ní gbàgbé ọ̀nà tó máa gbà mú ọ wọlé. Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́, ojú rẹ̀ á máa tutù sí ọ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun. Yàrá irin tí o ní ó máa ń gbé yín lọ sókè nínú ilé alájà púpọ̀ yẹn, kò ní gbé ọ kọjá ibi tó yẹ kí o ti bọ́ sílẹ̀. Àmín.

Àwa náà wà. Ìyá rẹ wà, ó ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n má kọ ìsọkúsọ sí ọ, ṣùgbọ́n kò jókòó tì mí. Ṣọ́ọ̀bù wà, dígí ńlá ti sán ní igun kan, síbẹ̀ orí ṣì ń hàn níbẹ̀. Màmá àgbà, ìyá mi, wà, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. O lè máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá yìí ń kọ̀wé nígbà tí mo ti ra fóònù ojú ńlá fún un. Ọmọ mi, fóònù náà ń sinmi ni. Ó rin ìrìn àjò kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó bá ṣe pé ènìyàn ni, à bá bu omi gbígbóná sí bàsíà kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọ̀run ló lọ. Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà pe ìyá rẹ pé orí mi ti dàrú.

Mo ń gẹrun fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Màmá àgbà wọlé, ó tú gèlè, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ní òun ló kàn, kí n kun irun òun dúdú. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Ó ní nígbà tí dẹ́rẹ́bà oníbàárà mi wá kun irunmú tiẹ̀, ṣé mo rín òun náà. Mo ní ó dáa, Màmá, àríyá wo lẹ̀ ń lọ? Ó ní ikú ni òun ń lọ, òun ò sì fẹ́ lọ báyìí. Tíṣà tó wà lábẹ́ aṣọ ìgẹrun wúkọ́, mo kun ún.

Àṣé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti fi ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ògiri ló ń dì mú kiri ilé. Kò jókòó sóòrùn mọ́, ó ní oòrùn ló ń mú ara hunjọ. Ìpara ojú tí o gbàgbé sínú dúrọ́ọ̀ nígbà tí o wá, òun ló fi ń para láàárọ̀ lálẹ́, ojú rẹ̀ wá ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Gbogbo ìyẹn ń pa wá lẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Mo sáré mú ọ̀pá wá, ó tì í dànù, ó sì bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ló ti wá jẹ́wọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

O mọ bàbá mi nínú férémù tó wà ní pálọ̀, ẹni tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó pín irun sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó fi kú, ọmọ ọwọ́ ni mo wà, n kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó. Màmá àgbà ní bó ṣe lọ yẹn náà ló wà níbẹ̀ di òní, géńdé ni. Òun wá rèé, òun ti lé lọ́gọ́rin, eyín iwájú ò sí. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá dé ẹnu ọ̀nà wọn, tí ó bá jáde wá wo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, ìyá arúgbó kan ni yóò rí, nítorí pé ó sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé, yóò dọ̀bálẹ̀ ni, yóò ní ẹ kú àbọ̀ mà, ta lẹ̀ ń wá. Ó ní kí ni kí òun wá dáhùn? Ṣé kí òun ní ìwọ ni mò ń wá, ọkọ mi? Ó ní á sá ni! Á lọ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyá kan ló dé tí kò jẹ́ kí òun gbádùn.

Mo fẹ́ rín, ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Mo rántí ara mi. Mo ti lé láàádọ́ta, bàbá mi ò tíì pé ọgbọ̀n. Àwọn ọkọ ìyàwó tí mò ń gẹrun fún lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn dàgbà jù ú lọ. Bí mo bá débẹ̀, ta ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún ta? Bí mo bá nàró tí mò ń retí pé kó dọ̀bálẹ̀, àfojúdi nìyẹn, bàbá mi ni. Bí mo bá sì na ara mi sílẹ̀ fún ọmọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì dí, wọ́n á ní kí ló ń ṣe bàbá yìí. Gbogbo ìwé mẹ́wàá tí mo kà, wọn ò kọ́ wa débẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, n kò tíì nígbàgbọ́ kan tí mo lè pè ní tèmi nípa ọ̀rọ̀ òkú. Tíṣà ní ó dà bí fìtílà, bí wọ́n bá pa á, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ibi tí iná rẹ̀ lọ. Mo ní òótọ́ ni, sà. Dẹ́rẹ́bà jókòó sí àga kan náà, ó ní irọ́ ni, ibì kan wà dáadáa, òun sì ti sọ fún Ọlọ́run pé òun ò ní wakọ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa wa òun ni. Mo ní òótọ́ ni. Ẹni tí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ kilípà mi ni mo máa ń gbà gbọ́, kó má baà gbọn orí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá àgbà, ó dà bíi pé ó sọ ẹrù kúrò lórí ara rẹ̀, ó gbé e lé mi lórí. Mo gẹ irun ẹ̀gbẹ́ etí tíṣà, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, ó lọ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí n kò lè pa á mọ́ra mọ́, mo béèrè nínú ṣọ́ọ̀bù pé ǹjẹ́ wọ́n máa ń dàgbà lọ́hùn-ún. Dẹ́rẹ́bà ní rárá o, bí wọ́n bá tún ń dàgbà, kí wá ni èrè ikú. Tíṣà ní iná tó ti kú, ṣé ó ń hu ewú ni. Ìyá tó ń tún fóònù ṣe lódìkejì ọ̀nà wá yá búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó ní kí la wá ń jà sí, kí n mú fọ́tò bàbá náà wá, fóònù tí o rà fún mi máa sọ ọ́ di arúgbó báyìí báyìí. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mo lọ yọ férémù lórí ìṣó, mo fi etí ṣẹ́ẹ̀tì mi nu dígí rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, nǹkan róbótó kan wá ń yí po lójú fóònù. Mo ní kí nìyí? Ó ní kí n ní sùúrù, ó ń lọ. Gbogbo wa na ọrùn wò ó. Tíṣà tó ní kò síbì kankan yẹn, ó ṣí fìlà. Ó yí, ó yí, ìyá náà pòṣé, ó ní dátà yìí mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò yà mí lẹ́nu. Ìwọ tí o wà ní ìlú ńlá lásán, wo iye tó ń gbà kí n tó gbóhùn rẹ, áḿbọ̀sì ọ̀run.

Ó sì jáde. Ọmọ mi! Orí ti pá láàárín, ewú wà létí méjèèjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, etí kò yí padà, ṣẹ́ẹ̀tì kò yí padà. N kò mọ ìgbà tí mo délẹ̀. Orí irun dẹ́rẹ́bà àti irun tíṣà tí n kò tíì gbá ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, mo ní ẹ káàsán, sà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò kí bàbá mi rí. Dẹ́rẹ́bà tí mo ti gẹ ìlàjì orí rẹ̀ pariwo pé agẹrun, dìde jàre, wá parí orí mi, o ń kí fóònù. Mo ní ìwọ náà, kí bàbá tìẹ bí o bá rí i. Ìyá oní-fóònù fẹ́ máa ṣàlàyé pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé fóònù ló yà á fúnra rẹ̀. Mo ní kó má rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ṣe.

Mo sáré wọlé tọ Màmá àgbà, mo fi fóònù lé e lọ́wọ́. Ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́, ó ní bàbá wo nìyí. Mo ní ọkọ yín ni, bó ṣe wà báyìí nìyẹn, wọ́n ń dàgbà níbẹ̀ dáadáa, kò ní dọ̀bálẹ̀ fún yín mọ́. Mo rò pé yóò jó. Ó wá bi mí pé ta ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo ní ṣẹ́ẹ̀tì wo? Ó ní funfun báláú rẹ̀ yẹn, láti bí ọdún mélòó, ẹni tí kò lè ṣan áńkáṣíìfù fúnra rẹ̀! Ó ní kí n tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹnì kan ń bọ́ ọ. N kò wò ó dé ibẹ̀ yẹn. Mo ní bóyá lọ́ńdìrì wà lọ́hùn-ún. Ó ní lọ́ńdìrì ni, lọ́ńdìrì tó ń ró aṣọ. Ó da ojú fóònù dé orí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, kò sì jẹ oúnjẹ alẹ́. Ìyá rẹ ní ṣé mo rí ohun tí mo ṣe, ikú nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á tẹ́lẹ̀, èmi ti wá fi orogún kún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí n dá bàbá náà padà síbi tí mo ti mú un wá. Ó ní òun ti wò ó dáadáa, òun ò mọ̀ ọ́n, kò sì mọ òun náà, èyí jọ ẹni tí yóò máa béèrè omi gbígbóná láràárọ̀. Géńdé inú férémù ni òun fẹ́. Ó ní kó dọ̀bálẹ̀! Kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, òun á wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi tẹ́ òun lọ́rùn, òun á dá a lóhùn bí àgbà, lẹ́yìn náà òun á tẹ̀ ba, òun á pe orúkọ kan tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń pè é, nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Ó ní mo máa rí i bó ṣe máa dìde kíá! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo ní kí lorúkọ náà, Màmá? Ó ní ṣé orúkọ mi ni? Kí n bá òun mú ọ̀pá òun wá, àgbà tí wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún gbọ́dọ̀ jọ àgbà.

Mo mú ọ̀pá wá, ṣùgbọ́n n kò lè lọ. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé rẹ̀. Mo ní èmi wá ńkọ́, Màmá? Èmi ò ní orúkọ kankan tí mò ń pè é, n kò tíì sọ̀rọ̀ tó fi lọ. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ mí? Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní ẹkún mi nìkan ni bàbá mi mọ̀ lára mi. Ó ní bí mo bá ké láàárín ọmọ mẹ́wàá, á mọ̀ pé tòun ni, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á sáré wọlé wá gbé mi, ọwọ́ rẹ̀ á ṣì tutù fún omi. Nítorí náà bí mo bá débẹ̀, kí n má kí ẹnikẹ́ni, kí n má sì dọ̀bálẹ̀. Àgbàyà, kí n kọ́kọ́ sunkún.

Ọ̀gá Kékeré, ohun tí mo gbà gbọ́ báyìí nìyẹn. N kò mọ̀ bóyá ọgbọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì bá mi lára mu tó o. Mo tilẹ̀ dán an wò díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà tó dé. Dẹ́rẹ́bà ló já wọlé bá mi, ó ní ṣé eyín ni.

Nítorí náà, bí owó oṣù bá dé, Màmá àgbà nílò awò ojú tó lágbára, ó ní òun gbọ́dọ̀ rí i kó tó rí òun. Ìrọ̀rí àga ìgẹrun ti já. Kí o fi owó dátà díẹ̀ kún un, fóònù ti rù, ṣùgbọ́n mi ò ní rán an débẹ̀ mọ́. Owó inṣọ́ránsì tí o ní iléeṣẹ́ yín máa san bí mo bá kú, jọ̀ọ́ bá mi bi ọ̀gá rẹ bóyá wọ́n ń ná irú owó yẹn lọ́hùn-ún. Bí wọn ò bá ń ná an, kí wọ́n fún mi ní ìlàjì báyìí. Bí wọ́n bá ní n kò tíì kú, sọ fún wọn pé mo wà lọ́nà, kò kàn yá mi lára ni.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ. Wàá pẹ́ láyé jù mí lọ, wàá pẹ́ ju Màmá àgbà lọ, irun rẹ á funfun, eyín á ká, ẹ̀yìn á tẹ̀ díẹ̀. Wàá pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí o bá kanlẹ̀kùn, èmi bàbá rẹ ni n ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ, n ó ní ẹ kú àbọ̀ mà, ta lẹ̀ ń wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ