Ọmọ Tí Bàbá Fi Ṣe Ẹ̀rí

Ọjọ́bọ̀, Koira Kano

"Alhaji, ọmọ mi gan-an wà nínú ẹ̀! Ta ló máa fọmọ ẹ̀ sínú bàálù tó bàjẹ́?"

Bàbá ló pariwo bẹ́ẹ̀ lónìí, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì kan kú mọ́ wa lókè, tí páílọ́ọ̀tì fi ìkejì gbé wa padà.

Bàbá ló ń bá Alhaji tún bàálù ẹ̀ ṣe. Lánàá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún Ìyá pé ẹ́ńjìnnì yẹn ń jo ọ́ìlì.

Nínú mọ́tò mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ tiẹ̀ tún un ṣe?"

"Panu mọ́ jàre!"

Wallahi, torí kí ọkàn Alhaji lè balẹ̀ pé bàálù yẹn ti dára ni wọ́n ṣe mú mi gòkè. Èmi, ọmọ wọn...

Lọ́la Alhaji fẹ́ gbọ́ tẹnu mi. Mà á sọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn. Mi ò ní jẹ́ kí Ìyá pàápàá mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́.