Ọjọ́ Tí A Jókòó Sórí Aṣọ Àìfọ̀

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa àtijọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọmọ rẹ tó gbà ọ́ sílé ńkọ́, ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Ọkàn ni kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀.

Kò pẹ́ tí o fẹ̀yìn tì ni ìjọba kéde pé àwọn kò ní gba ẹni tí yóò máa fọṣọ, tàbí gbálẹ̀, tàbí dáná sílé ìwòsàn mọ́. Wọ́n ní ìnáwó ti pọ̀ jù, dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan ni tiwọn. Ni wọ́n bá gbé àwa obìnrin mẹ́tàlélógún tó wà nílé ìfọṣọ lé agbaṣẹ́ṣe kan lọ́wọ́, bí ẹni gbé ẹrù fún alábàárù. Ìwé tó ní ká fọwọ́ sí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni. Ó sì wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Mo fọwọ́ sí i. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, o ò ní mọ ilé ìfọṣọ náà mọ́. Àwa tí a máa ń jẹun pọ̀ tí a ó máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, kálukú ti ń kọjú sí ògiri jẹun, torí ẹnikẹ́ni lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ tọ ọ̀gá lọ. Onílé mi tó máa ń gbọ́ "òṣìṣẹ́ ìjọba" tí yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti ń bi mí pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́?

Lóṣù tó kọjá ni ẹ̀rọ ìlọṣọ jó obìnrin tó gba ipò rẹ nídìí rẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Arẹwà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Agbaṣẹ́ṣe dé, ó wò ó, ó ní, "Máa lọ sílé. Tó bá san, kí o wá wò ó bóyá àyè ṣì wà." Inú ilé ìwòsàn la wà o!

Láyé àtijọ́, ìwọ ni ì bá dìde. Mo wò yíká, n ò rí ọ. Mo bá pa ẹ̀rọ tèmi, mo jókòó sórí òkìtì aṣọ àìfọ̀. Ẹnìkan wá jókòó tì mí, òmíràn tẹ̀ lé e, títí ilé fi pa lọ́lọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán, yàrá iṣẹ́ abẹ kò láṣọ mọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà sáré wá. "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, aboyún kan ń rọbí lórí bẹ́ẹ̀dì tí kò láṣọ." N ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. A kó aṣọ mímọ́ mẹ́fà tó kù fún un, a sì padà jókòó. Ọ̀gá dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti tọ́jú ọwọ́ Arẹwà, agbaṣẹ́ṣe sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, wọn ò fún mi níwèé mìíràn. "Ìwọ lo kọ́kọ́ jókòó," ni agbaṣẹ́ṣe wí. Èmi tí ẹ ń pè ní Jẹ́jẹ́! Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Mo délé, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Lánàá ni Arẹwà kan ilẹ̀kùn mi. Ìka rẹ̀ méjì kò tíì ká dáadáa. Mo rò pé ó wá bá mi kẹ́dùn ni. Ó ní, "Ìyá mi, àwa mẹ́jọ la ti fohùn ṣọ̀kan láti tún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dá sílẹ̀. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìpàdé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa."

Mo fà á wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Yàrá mi kéré, ṣùgbọ́n yóò gba àwa mẹ́wàá.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ọkọ rẹ̀. Sọ fún wọn pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo fẹ́ yá ọ.

Tìrẹ náà ni mí,
Jẹ́jẹ́.