Oníbàárà Mi Rò Pé Mo Ti Kú

Aunty Ọmọ́ṣaléwá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Kétu ni mò ń gbé, ọṣẹ àti àbẹ́là olóòórùn dídùn ni mò ń ṣe tà.

Mo gba àwọn méjì kan láti bá mi tún wẹ́bùsáìtì mi ṣe. Níyì tó ń to àwòrán sọ fọ́tò mi di dúdú àti funfun, ó wá gbé àbẹ́là tó ń jó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oyin tó ń kọ ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ pé, "Ìyá rere tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣoore." Àfi bíi pósítà olóògbé.

Oníbàárà mi àtijọ́ kan pè, ó rò pé ọmọ mi ló gbé fóònù. Ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. A rí màmá yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ta ló wá ń ta ọṣẹ báyìí?"

Wọ́n ti tún un ṣe. Àmọ́ ìròyìn ikú mi ti kárí Kétu dé Ìkòsì, kò sì sẹ́nì kan tó yà sílé wá kí àwọn ọmọ mi. Ọṣẹ ni gbogbo wọn ń béèrè. Ayé sú mi, Aunty. Ẹ̀yin olùgbọ́, ojú wo ni kí n fi máa wò wọ́n tí wọ́n bá tún wá rajà?

Èmi ni, ẹni tó ṣì wà láàyè ní Kétu.