Ojú Màmá Lára Ògiri Akínsànyà

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Òdòjọ̀mù,
                                        Oǹdó.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Modúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Ìlárá-Mọ̀kín? Bàbá Ìrètíolúwa ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìrètí fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Olúwa, àmọ́ má bi mí nípa inú mi. Inú ń bí mi débi pé iyọ̀ ni mo bù sí tíì láàárọ̀ yìí.

O rántí fọ́tò tí o ya Màmá mi nígbà Kérésì, tí wọ́n jókòó síwájú ilé tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, tí ẹ̀rín gba gbogbo ojú wọn? Akínsànyà àbúrò mi parí ilé rẹ̀ ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun yan fọ́tò tí yóò bá pálọ̀ mu. Ìwọ náà mọ̀ mí, mi ò lè rí férémù tó wọ́ nílé onílé kí n má dìde tọ́ ọ. Mo yan ti Màmá yìí ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ògiri pálọ̀ Akínsànyà funfun, àga rẹ̀ dúdú, mo wá ní kí férémù jẹ́ igi lásán, kí wọ́n má fi góòlù kankan sí i. Góòlù tí ìyàwó rẹ̀ ń fẹ́ yẹn, ààfin ló yẹ. Mo ní kí wọ́n fi bébà funfun yí fọ́tò ká kí ojú Màmá lè ráyè mí, kí wọ́n má gbé e kọ́jú sí fèrèsé kí dígí má baà máa kọ mànà, kí wọ́n sì gbé e kọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, torí ìjókòó la ń jókòó ní pálọ̀. Akínsànyà ń gbọ́, ó ń mi orí bí alángbá.

Lọ́jọ́ ìṣílé, èmi àti Màmá jọ wọlé. Férémù pé, ibi tí mo wí ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Àmọ́ ilà ojú Màmá ò sí níbẹ̀! Ilà Oǹdó méjèèjì, tó gùn gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ń dán bíi ti ọmọge tó ń polówó ọṣẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé ayàwòrán ló ṣì í ṣe, pé ó rò pé àbàwọ́n ni. Mo fa Akínsànyà sẹ́yìn ilé, mo bi í. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní òun lòun ní kí wọ́n yọ ọ́, pé àwọn ọ̀gá òun á máa wá kí òun, òun sì fẹ́ kó bá ilé mu. Bá ilé mu! Ojú tó jókòó ti kòkó nínú oòrùn kí Akínsànyà tó lè lọ yunifásítì, ojú yẹn ni kò bá ilé mu? Mo bú u débi pé mo gbàgbé pé àlejò wà nítòsí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òun ń kó ẹ̀ṣọ́ ilé pa mọ́ fún ará òde. Ó ní kí n rọra, ṣebí Màmá fúnra wọn ò bá òun wí.

Lóòótọ́, wọ́n kàn wo fọ́tò náà títí, wọ́n ní ó dára, wọ́n sì súre fún un.

Mo pinnu láti tẹ fọ́tò náà bí o ṣe yà á gan-an, kí n gbé e lọ fi rọ́pò ìyẹn. Lánàá mo kó oríṣi igi férémù mẹ́ta lọ bá Màmá kí wọ́n yan èyí tó wù wọ́n. Wọn ò wo igi. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n rọra bi mí bóyá ẹni tó máa tẹ tèmi náà lè bá wọn yọ ilà yẹn, kí ojú má baà ti Akínsànyà. Modúpẹ́, Màmá tó máa ń sọ fún wa ní kékeré pé ọjọ́ tí a bá kọlà là ń jẹ oró, bó bá jinná tán, á doge! Oró tí wọ́n ti jẹ tán láti kékeré, ọmọ wọn tún fi jẹ wọ́n ní ọgọ́rin ọdún. Mo sunkún, mi ò purọ́ fún ọ.

Jọ̀ọ́, wá sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé. Ìwọ lo ya fọ́tò yẹn, sọ fún Màmá ohun tí o rí lójú wọn tí o fi yà á. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìbínú ló ń sọ̀rọ̀.

Bá mi kí Bàbá Ìrètí, kí o sì bá mi kí ìyá rẹ ní Ìjù. Ní ti Akínsànyà, má bá mi kí i bí o bá pàdé rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ pálọ̀ rẹ̀ títí ojú ìyá mi yóò fi padà síbẹ̀.

Èmi tìrẹ tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀ ni,
Kíkẹ́