Orúkọ Inú Ìdérí

Baba mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù yín n'Ìyànà Ìbà lẹ ti máa ka èyí, tí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà á wà ní títú níwájú yín. Ara mi le. Òtútù Jámánì yìí náà ò burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ilé iṣẹ́ wa tóbi gan-an. Tẹlifíṣọ̀n àlòkù là ń tún ṣe níbẹ̀, kí wọ́n má baà di pàǹtí. Kóòdù kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá ti fi fóònù wò ó, gbogbo ìtàn rẹ̀ á jáde: ibi tí wọ́n ti ṣe é, ohun tó wà nínú rẹ̀, àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí i. Ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ ẹni tó tún un ṣe nìkan ni kì í sí níbẹ̀. Ni mo bá ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi: mo mú máákà, mo kọ orúkọ mi sínú ìdérí kí n tó pa á dé, kí ẹni tó bá tún un tú lè mọ ẹni tó ti fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá rí i. Ó ní, "Ta ló béèrè orúkọ lọ́wọ́ rẹ?"

Wọ́n ti gbé mi lọ sí apá mìíràn báyìí. Iṣẹ́ ibẹ̀ rọrùn, ìgbálẹ̀ nìkan ló gbà. Ẹ má sọ fún Màámi o. Wọ́n ti sọ fún gbogbo Igbó-Elérin pé ẹnjinníà ni mí.

Ẹ bá mi kí wọn, àti Mùjídàt àbúrò mi. Tí ẹ bá sì fẹ́ pa tẹlifíṣọ̀n iwájú yín yẹn dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mi sí abẹ́ tiyín.

Èmi ọmọ yín,
Tirimisiyu