Dádì, Màmá Ti Dá Sí Àríyànjiyàn Yín

Dádì wa, Ọlábánjí Fọláyan, ọdún márùn-ún pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Ọjọ́ Tọ́sìdé ni, oòrùn ọ̀sán ń ràn, ẹ ní kí a bu omi fún yín mu. Kí omi tó dé, ẹ ti lọ.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Adébùnmí ti di ìyá ọmọ. Ìmísí, ọmọ-ọmọ tí ẹ kò rí, ti ń sáré káàkiri pálọ̀, ó sì jogún èjí yín gẹ́lẹ́. Dammy ti jáde ní yunifásítì, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé Alákijà tí ẹ kọ́ dé òkè fèrèsé ti ní òrùlé, a sì ti kùn ún. Àwọ̀ tí ẹ fẹ́ la fi kùn ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nínú wa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá la fẹ́ ròyìn fún yín lọ́dún yìí. Ẹ gbọ́ ohun tí Rosaline yín ṣe!

Ẹ ó rántí bí Sátidé ṣe máa ń rí nínú ilé wa ní Festac. Kí aago mẹ́rin tó lù, Bàbá Jùwọ́nlọ á ti dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mazamaza. Ògúndípẹ̀ rewáyà, ọ̀rẹ́ yín tòótọ́! Ẹ̀yin jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òun ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, orin rọ́ọ̀kì ló so yín pọ̀. Ẹ ó gbé àwo lé ẹ̀rọ, iyàn á sì bẹ̀rẹ̀.

Àwo yín pọ̀, àmọ́ orí ọ̀kan ṣoṣo ni iyàn máa ń parí sí: "Òjò àti Ọ̀dá", tí ẹgbẹ́ Irin Gbígbóná gbé jáde nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì ṣì ní irun lórí. Orin àkọ́kọ́ lójú kìíní ni "Òjò": gìtá ń bú ramúramù, olórin ń ké bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Orin ìkẹyìn lójú kejì ni "Ọ̀dá": gìtá kan, ohùn kan, jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Bàbá Jùwọ́nlọ ní "Òjò" lorin. Ó ní ó ti rẹ àwọn ọmọ yẹn kí wọ́n tó dé orí "Ọ̀dá", oorun ló ń kùn wọ́n. Ẹ̀yin á ní irọ́ ni, ariwo kì í ṣe iṣẹ́, ẹni tó bá lè fi okùn gìtá kan pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́, òun ni olórin. Ọgbọ̀n ọdún lẹ fi ja iyàn yìí! Màmá á wà ní kíṣìnì, á ké jáde pé, "Ẹ rọra o, àwọn ará òkè ń gbọ́ yín!" Ẹ̀yin á dáhùn pé, "Rosaline, orin kọ́ọ̀yà nìkan lo mọ̀." Ilé á gba ẹ̀rín.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, kò sí ọjọ́ tó tún burú tó Sátidé. Màmá da aṣọ bo ẹ̀rọ náà. Kò sọ pé kí a má fọwọ́ kàn án, ojú tó fi wò wá ti tó. Ní Sátidé kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Jùwọ́nlọ wá. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, tiyín ṣófo níwájú rẹ̀. Màmá jáde láti yàrá, ó rí i, ọ̀rọ̀ sì jábọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá mọ́. Bí mo bá ti rí yín báyìí, ńṣe ló ń ṣe mí bíi pé òun ló pẹ́ nínú yàrá, pé ó ń bọ̀."

Ọkùnrin náà dìde. "Ó dáa, ìyàwó wa." Ó mú fìlà rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́rin kó tó tún tẹ ẹnu géètì wa.

Dádì, ọ̀rọ̀ yẹn jẹ Màmá lọ́kàn. Ó mọ̀ pé òun ṣẹ ọ̀rẹ́ yín. Ó fẹ́ pè é, ojú ń tì í. Bí ọ̀sán Sátidé bá ti ń sún mọ́lé, á wá ibi gbà lọ, kí aago mẹ́rin má bàa bá a nílé. Ẹni tó ní ariwo lorin yín, ìdákẹ́jẹ́ wá ń lé e jáde!

Ní Sátidé kan lóṣù Kẹwàá tó kọjá, ó ń ti ilé Alákijà bọ̀, ó sọ̀kalẹ̀ ní Mazamaza kó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Ìmísí. Láàárín ohùn àwọn kọ̀ńdọ́ tí ń pe èrò Badagry, ó gbọ́ gìtá kan. Ó dúró sójú kan. Ẹsẹ̀ ló gbé e tẹ̀ lé orin náà, títí tó fi dé ìdí ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá Jùwọ́nlọ ló jókòó sínú rẹ̀, ó ti so fóònù mọ́ rédíò ọkọ̀, ó dijú. "Ọ̀dá" ló ń gbọ́.

"Bàbá Jùwọ́nlọ."

Ó lajú, ó fẹ́ yára dìde, orí rẹ̀ gbá òrùlé ọkọ̀. "Háà! Ìyàwó wa!"

"Ṣé kì í ṣe orin olóorun tí ẹ máa ń bú nìyẹn?"

"Òun náà ni." Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Àmọ́ tí aago mẹ́rin bá ti lù ní Sátidé, mo máa ń gbé e sí i. Ẹni tó ń gbé e sí i ò sí mọ́. Tí mi ò bá gbọ́ ọ fún un, ta ló máa gbọ́ ọ?"

Màmá jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, tòun ti aṣọ funfun lára, ó bú sẹ́kún. Dádì, kò sunkún bẹ́ẹ̀ níbi ìsìnkú yín! "Ẹ foríjì mí," ló ń wí. "Ẹ̀yin náà pàdánù ọ̀rẹ́, èmi wá tún lé yín."

"Ìbànújẹ́ ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni Bàbá Jùwọ́nlọ wí. "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ dìde, gíríìsì wà lára táyà yẹn."

Ó wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kọ̀, kò yí. Bẹ́líìtì inú rẹ̀ ti gbẹ. Bàbá Jùwọ́nlọ tú u palẹ̀ sórí tábìlì, ó ń kùn, ó ń làágùn, aago márùn-ún ààbọ̀ kọjá kó tó jí. Adébùnmí ló gbé àwo lé e. A gbọ́ ojú kìíní, a yí i padà, a gbọ́ ojú kejì tán. Bàbá Jùwọ́nlọ ní, "Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. 'Òjò' lorin!" Ó wo àga yín, ó ń dúró de èsì. Gbogbo wa dorí kodò.

Ìgbà náà ni Màmá lanu. "Ṣebí orin kan náà ni."

"Èwo pẹ̀lú èwo?"

"'Òjò' àti 'Ọ̀dá'. Ohùn kan náà ni wọ́n. Wọ́n ń sáré nínú èkíní, wọ́n wá rọra rìn nínú èkejì. Àbí ẹ ò mọ̀ ni?"

Ó kùn ún kíákíá, ó ń fọwọ́ lu orúnkún. Ó tún kùn ún jẹ́jẹ́, ó fa ohùn gùn. Dádì, bó ṣe wí ló rí! Orin kan náà ni! Bàbá Jùwọ́nlọ fọwọ́ lérí. "Ọgbọ̀n ọdún! Ìyàwó wa, ẹ ń wò wá fún ọgbọ̀n ọdún?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Mo rò pé torí ìyẹn lẹ ṣe ń jiyàn."

Ẹ̀rín pa wá títí omi fi jáde lójú. Lẹ́yìn náà, a kò rí Màmá mọ́. Adébùnmí bá a ní kíṣìnì, ó di etí síǹkì mú gírígírí. "Mi ò sọ fún un, Bùnmí. Gbogbo ìgbà tó bá ní kọ́ọ̀yà nìkan ni mo mọ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa ń wà lẹ́nu mi. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Inú ẹ̀ ì bá dùn! Ì bá pariwo ká gbogbo Festac!"

Òun ló ní kí a kọ ọ́ sínú ìrántí yín, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Bàbá Jùwọ́nlọ kò juwọ́ sílẹ̀ o. Ó ní bó bá jẹ́ orin kan náà, a jẹ́ pé èyí tó ń sáré ló dáa jù. Sátidé kan kì í kọjá kó má wá, Màmá ló sì ń bá a jiyàn báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló fi ń jà. Nígbà mìíràn, á rí ọ̀rọ̀ kan sọ tó máa pa Bàbá Jùwọ́nlọ lẹ́nu mọ́ pátápátá. Ìgbà náà lá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kó lè rí ojú yín. Àwa náà á yíjú síbẹ̀.

Àárò yín ń sọ wá, Dádì. A fẹ́ràn yín lánàá, a fẹ́ràn yín lónìí. Ọdún márùn-ún kò kọ́ wa bí a ṣe ń wà láìsí yín.

Rosaline, aya yín. Adébùnmí àti Dammy, ọmọ yín. Ìmísí, ọmọ-ọmọ yín. Àti Ògúndípẹ̀, tó ní kí a má ṣe gbàgbé láti fi orúkọ òun sí i.